Kí Wọ́n Tó Fi Abẹ Kan Bọ̀ọ̀dá Bíréèkì

                                        Ilé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Ilé-Ìkàwé,
                                        Lẹ́yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. O kú iṣẹ́, o kú ìtọ́jú ilé, o sì kú àfaradà ọkọ rẹ tí kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Orúnkún rẹ tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́ ńkọ́, ṣé ó ti gbọ́ràn? Mo gbọ́ pé ọmọ rẹ àbíkẹ́yìn ti ga jù ọ́ lọ. Kò yà mí lẹ́nu, ta ni kò ga jù ọ́ lọ? Má bínú. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bú ọ, mi ò ráàyè ni.

Mo mọ̀ pé o ti ń sọ ọ́ kiri pé mo gbàgbé rẹ. Lẹ́tà rẹ méjèèjì wà lórí tábìlì mi láàárín ìwé àwọn oníbàárà, ojoojúmọ́ ni mò ń rí wọn, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ó di ọ̀la. Ohun tó gba gbogbo ọwọ́ mi láti oṣù kẹrin ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ. Má sì jẹ́ kí àyà rẹ já, nǹkan ti dáa báyìí. Ká ní kò dáa ni, mi ò ní lè máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà.

Bọ̀ọ̀dá mi ni, Bọ̀ọ̀dá Bíréèkì. O rántí rẹ̀ dáadáa, àbí ta ló ń kọ́ ọ ní mọ́tò nígbà tó o lọ fi bọ́ńpà júbà géètì ilé ẹ̀kọ́? Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú yín, tó ń pariwo "Bíréèkì! Bíréèkì!" títí orúkọ náà fi lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá máa ń fi pè é nígbà tínú rẹ̀ bá dùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Kì í ṣe yíyún ráńpẹ́ o. Ó ń họra láàárọ̀, ó ń họra lọ́sàn-án, ó ń fi ẹ̀yìn ha férémù ilẹ̀kùn bí ewúrẹ́. Ìyàwó rẹ̀ pààrọ̀ ọṣẹ, ó pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Èmi náà dá sí i, mo ní kòkòrò ló wà nínú àga mọ́tò tó fi ń kọ́ni. Bọ̀ọ̀dá ní kòkòrò kankan kò lè wọ mọ́tò òun láìní ìwé-àṣẹ ìwakọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan ló kọ́kọ́ rí ohun tí àwa kò rí. Obìnrin náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò, ó sì ń kọ́ mọ́tò kó má baà máa bẹ àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun lọ síbi tóun ń lọ. Dípò kó máa wo iwájú, ó ń wo Bọ̀ọ̀dá.

"Ọ̀gá, ẹyinjú yín ti di yẹ́lò."

"Màdáámù, ojú ọ̀nà ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ fi ojú tèmi sílẹ̀."

Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà lọ tán, Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ wo díńgí mọ́tò. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Àbúrò, wá wò mí." Ohùn rẹ̀ kò dún bíi tirẹ̀.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ. Ojú rẹ̀ yẹ́lò lóòótọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ náà ti ń tẹ̀ lé e. Mo bi í léèrè ìtọ̀ rẹ̀, ó ní ó ti dúdú bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ sì ti funfun bí amọ̀. Ó ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì! Bẹ́líìtì rẹ̀ ti ní ihò tuntun méjì tó fúnra rẹ̀ fi ìṣó lu. Mo wọ kíṣíìnì lọ, mo sunkún díẹ̀, mo bọ́jú, mo jáde wá, mo ní kó wọ bàtà.

Ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wọn la kọ́kọ́ lọ. Dókítà ibẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún wa pé òróòro tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe ló yẹ kó máa gba ọ̀nà tóóró kan ṣàn lọ sínú ìfun. Nǹkan ti dí ọ̀nà yẹn, òróòro wá ń padà sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń yún un, òun ló pa á láró. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú aboyún wo ikùn rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá bi nọ́ọ̀sì bóyá akọ ni àbí abo. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi dókítà. Òkúta ló ń retí pé òun máa rí, kò rí òkúta kankan. Ohun tó rí ni pé àwọn ọ̀nà òróòro inú ẹ̀dọ̀ ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bí ẹni pé wọ́n fún wọn lọ́rùn láti ìsàlẹ̀.

Ó ní lọ́jọ́ kejì òun lè ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ẹnu rẹ̀ wọlé dé ibi tó dí, kí òróòro lè ráyè ṣàn, yíyún náà á sì rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Ó ní ọ̀la ti jìnnà jù, kí wọ́n ṣe é lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ dókítà yẹn kì í ṣe aláìbìkítà. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ kan ní ọsibítù ńlá, obìnrin kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ka àwòrán inú ara, ó sì gbé fóònù náà síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi rọ́bà kankan sí i," ni obìnrin náà sọ. "Tí rọ́bà bá ti wọlé, ibẹ̀ á wú, àwọn ọ̀nà tó fẹ̀ yẹn á sì fún padà. Mi ò ní mọ èwo ni àìsàn, mi ò ní mọ èwo ni rọ́bà dá sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀. Ṣé ibà ń ṣe é?"

"Rárá, ara rẹ̀ ò gbóná."

"Ó lè dúró di Ọjọ́bọ̀ nígbà yẹn. Tí ibà bá dé, ẹ má dúró dè mí o."

Ọjọ́ Ajé la wà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Bọ̀ọ̀dá fò dìde. "Ta nìyẹn? Ṣé òun ló ń yún ni?" Dókítà ní àwa la máa pinnu, ọwọ́ òun lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la tá a bá fẹ́, àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n òun ni, òun á dúró. Ni Bọ̀ọ̀dá bá yíjú sí mi. Ó ní èmi ni mo sún mọ́ ìwé jù nínú ẹbí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, mo ń di ìwé ni, mi ò kà wọ́n! Ìyàwó rẹ̀ ń wò mí, dókítà ń wò mí, ọkùnrin náà sì ń họ apá rẹ̀ débi tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo ní ká dúró. Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ méjì tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ń fi táwẹ̀lì tútù dì í, èmi ń ti ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná ara bọ̀ ọ́ lábíyá ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, ó sì ń gbé apá sókè fún mi láìwo ojú mi. Ibà kò dé. Mo dúpẹ́ títí.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, a lọ sí ọsibítù ńlá. Ẹ̀rọ méjì ni wọ́n fẹ́ fi wò ó. Ti àkọ́kọ́ rí bí òrùka ràbàtà, wọ́n tì í gba àárín rẹ̀ kọjá, wọ́n sì fa oògùn kan sí i lára tó máa jẹ́ kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn ketekete. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tó fi jáde. Ó ní oògùn yẹn gbóná débi pé òun rò pé òun ti tọ̀ sára níwájú àwọn nọ́ọ̀sì. Ìyẹn lọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ kejì ló fún wa níṣẹ́. Òòfà ńlá ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ní kó bọ́ aago, bẹ́líìtì, kọ́kọ́rọ́, gbogbo ohun tó jẹ́ irin. Èyí ló máa fi ọ̀nà òróòro hàn bí ẹ̀ka igi, láti orí dé ìdí. Ihò rẹ̀ há, ó sì ń dún gbà-gbà-gbà bí ẹni pé wọ́n ń wó ilé. Wọ́n jẹ́ kí n jókòó lẹ́yìn gíláàsì pẹ̀lú obìnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà, ẹni tó tó Bọ̀ọ̀dá lọ́jọ́ orí, tó sì ní sùúrù bí òkun. Á sọ nínú makirofóònù pé, "Ẹ fa èémí símú. Ẹ mú un dúró. Ẹ má mí o." Bọ̀ọ̀dá á mú un dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ohùn rẹ̀ á jáde nínú ihò: "Ṣé ó ti tó?" Àwòrán tó jáde rí bí èyí tí wọ́n yà lórí kẹ̀kẹ́ tó ń lọ lójú ọ̀nà gbágungbàgun. Wọ́n tún un ṣe. "Ṣé ó ti tó?" Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó ní tó bá tún bà jẹ́, ó di ọjọ́ mìíràn.

Mo tọrọ makirofóònù.

"Bọ̀ọ̀dá, èmi ni. Ẹ tẹ bíréèkì. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ títí màá fi sọ pé kẹ́ ẹ gbé e."

Ọ̀rẹ́ mi, ọkùnrin náà dúró bí òpó iná! Kò mí, kò mira. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ya òmíràn ni mò ń ní kó tẹ bíréèkì, ó sì ń tẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín débi tí omi ń dà lójú rẹ̀. Àwòrán náà mọ́ gaara.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, dókítà oníṣẹ́ abẹ pè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ọkùnrin gíga kan ni, ohùn rẹ̀ kéré, ìka rẹ̀ gùn. Ó yí kómpútà sí wa, ó fi bírò tọ́ka. Ọ̀nà òróòro méjì ló wà nínú ẹ̀dọ̀, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì, wọ́n á pàdé, wọ́n á di ẹyọ kan. Níbi tí wọ́n ti pàdé gan-an, nǹkan kan wà tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ó pe orúkọ rẹ̀ láìyí ọ̀rọ̀ po: jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro ló jọ. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá di ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Bọ̀ọ̀dá ń wo kómpútà bí ẹni pé inú ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi hàn án.

Dókítà ní kì í ṣe bí nǹkan náà ṣe tóbi tó lòun ń wò, ohun tó fara mọ́ lòun ń wò. Ó ti dì mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí apá ọ̀tún ẹ̀dọ̀. Tó bá ti dé ti òsì náà, kò sí ẹni tó máa fi abẹ kàn án. Ó sún àwòrán náà mọ́ wa, ó fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn wá, ìlà tí èmi fúnra mi kò lè rí láéláé, láàárín hóró ẹ̀wà yẹn àti iṣan apá òsì.

"Ìlà yìí lẹni tó ka àwòrán yín rí," ó ní. "Àyè ṣì wà láàárín wọn. Ká ní wọ́n ti fi rọ́bà síbẹ̀ ṣáájú ni, ó ṣeé ṣe kí ìwú bò ó mọ́lẹ̀, kí n sì sọ fún yín lónìí pé kò sóhun tí mo lè ṣe."

Bọ̀ọ̀dá wò mí. Nígbà tá a máa jáde, ó gba báàgì mi lọ́wọ́ mi, ó gbé e dé ibi tí mọ́tò wà. Ìwọ mọ̀ ọ́n, ìwọ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n mo ti sáré kọjá ibì kan. Dókítà ní gbogbo apá ọ̀tún ẹ̀dọ̀ lòun máa gé kúrò pẹ̀lú àìsàn náà. Wọ́n ti fi àwòrán wọn èyí tó máa ṣẹ́ kù, kò ju mẹ́rìnlélógún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìyẹn ò sì tó gbé èèyàn ró. Nítorí náà wọ́n á fi rọ́bà fa òróòro kúrò ní apá òsì báyìí, nígbà tí àwòrán ti parí, wọ́n á sì dí iṣan tó ń gbé oúnjẹ lọ sí apá ọ̀tún, kí gbogbo rẹ̀ lè máa lọ sí òsì, kó sì tóbi.

"Ṣé ẹ̀dọ̀ máa ń dàgbà ni?" Bọ̀ọ̀dá béèrè.

"Ó ń dàgbà, sà. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún."

Ìyàwó rẹ̀ ló béèrè ohun tí èmi ò lè béèrè. "Tẹ́ ẹ bá là á, tẹ́ ẹ wá rí ohun tí àwòrán ò rí ńkọ́?" Dókítà kò purọ́ fún un. Ó ní ó lè ṣẹlẹ̀. Ó ní tí òun bá jáde sí wa kí wákàtí méjì tó pé, a jẹ́ pé òun ti pa á dé láìgé nǹkan kan.

Yíyún náà lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi rọ́bà sí i, ojú rẹ̀ ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, ó jẹ ẹyin, ó jẹ ẹja, ó jẹ ohun gbogbo tí ìyàwó rẹ̀ bá gbé síwájú rẹ̀, á sì fọwọ́ lu ikùn rẹ̀ pé, "Apá òsì, ìwọ ni mò ń bọ́ o." Nígbà tí wọ́n tún ya àwòrán, ó ti di méjìdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún! Ó ń rìn ní kọ́rídọ̀ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ gbégbá orókè nílé ìwé.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n tì í wọlé. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ojú wa kò kúrò lára ilẹ̀kùn. Mo ti gbé ìwé agbẹjọ́rò kan dání tí mo fẹ́ máa rán, kí ọwọ́ mi má baà ṣófo. Nígbà tó kù bí ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́wàá lù, ilẹ̀kùn náà ṣí. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ọkùnrin tó ń gbé aṣọ tó ti dọ̀tí lọ fún fífọ̀ ló jáde, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o," ó kọjá. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá bú sẹ́rìn-ín, ó sì bú sẹ́kún lẹ́ẹ̀kan náà. Aago mẹ́wàá lù. Ó di mọ́kànlá. A ò sọ fún ara wa pé inú wa ń dùn, ẹ̀rù ń bà wá láti sọ ọ́. Nígbà tí dókítà jáde, ó ti ku díẹ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lù, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi tó fara ti ògiri. Ó ní ohun tí àwòrán sọ lòun bá níbẹ̀, òun sì ti gbé gbogbo rẹ̀ kúrò. Ibẹ̀ ni mo wo ọwọ́ mi, tí mo sì rí i pé mo ti rán ìdajì ìwé agbẹjọ́rò yẹn sódì.

Kò rọrùn lẹ́yìn náà o, mi ò ní tàn ọ́. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀, ibà mú un lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rù débi tí mo lè fi ọwọ́ kan yí apá rẹ̀ ká. Àmọ́ àyẹ̀wò fi hàn pé etí ibi tí wọ́n gé mọ́ tónítóní. Ó ṣì ń lo oògùn oníhóró, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n á sì máa ya àwòrán rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ṣèlérí fún wa pé kò ní padà wá.

Àná ni àwòrán oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. A jókòó, à ń retí kí wọ́n mú èsì wá, ìgbà tó yá, obìnrin kúkúrú kan tó fi okùn so awò ojú kọ́rùn fúnra rẹ̀ jáde wá, ó pe orúkọ Bọ̀ọ̀dá. Mo mọ ohùn yẹn lójú ẹsẹ̀. Òun ló ní ká má tíì fi rọ́bà sí i lọ́jọ́ Ajé yẹn. Dókítà àgbà kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá jíṣẹ́ ìròyìn ayọ̀.

"Ẹ má bẹ̀rù," ó ní. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, inú yín mọ́. Mo kàn fẹ́ rí ojú yín ni. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí mo ti mọ inú yín bí àtẹ́lẹwọ́ mi, síbẹ̀ tí mo bá pàdé yín lójú títì, ṣe ni màá kọjá lára yín láìdá yín mọ̀."

Bọ̀ọ̀dá mi dìde. Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú, ó ń mì ín, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ohun tó béèrè ni pé, "Dókítà, ṣé ẹ mọ mọ́tò wà?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní rárá, ẹ̀rù rẹ̀ ń ba òun láti kékeré.

"Ẹ wá ní Sátidé," ni Bọ̀ọ̀dá sọ. "Màá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

Bá mi kí ọkọ rẹ, sọ fún un pé mo ní kó dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù. Bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o sì bá mi kí ìyá yín àgbà tó bá ṣì ń rántí mi. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá ní kí n kí ọ, Bọ̀ọ̀dá alára ní kí n bi ọ́ bóyá géètì yẹn ti dìde. Tọ́jú orúnkún rẹ, sì tètè fèsì, kó má ṣe bíi tèmi.

Èmi ni, tìrẹ tọkàntọkàn, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi,

Eléyínmẹ́nugún